Ọ̀ọ́dúnrún Àlejò Lẹ́nu Ihò Òkété

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà rárá. Ẹnu ihò Òkété ló jókòó sí, ó ń fẹ́ jẹ ẹyìn.

Ẹyìn ni Òkété fẹ́ràn jù láyé. Bó bá sùn pàápàá, ẹnu rẹ̀ a máa jẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Erin ló ni gbogbo ọ̀pẹ tó dára nínú igbó, Erin kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan lásán. Òkété gbìyànjú láti gun ọ̀kan rí. Ohun tó mú bọ̀ níbẹ̀ ni ìbàdí tó máa ń dùn ún bí òjò bá ṣú.

Láyé ìgbà náà, ẹranko tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ a kọ ọ́ sára ògiri ilé rẹ̀, àwọn yòókù a wá kà á. Ìkànnì ni wọ́n ń pè é. Ìkànnì Ọ̀bọ kún fún àwàdà, èrò ò sì yé wọ́ lọ síbẹ̀. Inú ihò ni ti Òkété wà. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé òun jí, òun jẹun, òun sì ń rò ó bóyá kí òun tún sùn. Ó ti lọ sí pólì, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn. Òun fúnra rẹ̀ kì í kà á tán.

Àlejò méjì péré ló tíì ní. Ọ̀kan ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń wá ilé ẹlòmíràn tó ṣìnà. Èkejì ni Ìgbín, tó wọlé nígbà òjò àkọ́rọ̀, tí kò tíì ka ìlà kìíní tán.

Ó wá di ọjọ́ kan, Erin kéde pé òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ kí gbogbo igbó kà. Wọ́n ń sọ kiri pé òun ló jókòó lé ilé Ọ̀yà, tó fi wó mọ́lẹ̀, òun sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kọ́. Ìkànnì tí èrò bá pọ̀ sí jù ni òun máa lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Onílé yóò sì gba iye ìdì ẹyìn tó bá lè kó wọlé.

Òkété gbọ́ ẹyìn, etí rẹ̀ dúró. Ó wo ògiri rẹ̀.

"Èmi pẹ̀lú ìranù yìí," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ta ni mo fẹ́ pè wá kà á?"

Ó rò ó títí, ó wá rí i pé kì í ṣe àlejò ni òun ń wá. Ẹni tó máa ka àlejò ni. Ó lọ pe Odídẹ, ó fi í sórí ẹ̀ka tó wà lókè ẹnu ihò.

"Ọ̀rẹ́ mi, ohunkóhun tó bá gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá, ṣáà kà á."

"Kí ni kí n máa wò lára rẹ̀?"

"Má wo nǹkan kan. Kà á ni."

Iṣẹ́ tó bá Odídẹ lára mu nìyẹn. Ewé já bọ́ sínú ihò, ó kà á. Eṣinṣin wọlé, ó kà á. Eṣinṣin jáde, ó ronú, ó padà wọlé, Odídẹ tún kà á.

Erin náà kì í ṣe òmùgọ̀ pátápátá. Ó rán Ajá wá kó wá bá òun kà á lọ́tọ̀. Òórùn ni Ajá fi ń kà. Òórùn tí imú rẹ̀ bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ì báà kọjá lójoojúmọ́, kò ní kà á mọ́.

Òkété bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ihò rẹ̀ ní ẹnu kan níwájú, ó ní òmíràn ní ẹ̀yìnkùlé. Ó gba iwájú wọlé, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó yí igbó po, ó tún gba iwájú wọlé.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ bó bá dénú ilé.

"Ẹ ṣeun. Ilé yín mà dára o," ni ó máa ń fi dá ara rẹ̀ lóhùn.

Odídẹ ń kà. Ajá ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìwọ náà nìyẹn," ló ń wí.

Òkété lọ fi efinrin wẹ̀. Ajá gbóòórùn, ó ní, "Àlejò." Ó yíra nínú eérú. "Àlejò." Ó fi omi irú para. Ajá sín, ó ní, "Àlejò ni, ṣùgbọ́n kó má pẹ́ níbẹ̀." Òkété pa òórùn dà débi pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó kí i bí ẹni kí àjèjì.

Erin dé. "Mélòó?"

"Ọ̀ọ́dúnrún," Odídẹ wí.

"Mẹ́tàlá," Ajá wí.

Erin wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Òkété, ìwọ lo lọ sílé ìwé. Ilé kan náà, ẹnu ọ̀nà kan náà. Báwo ló ṣe jẹ́?"

Òkété nu omi irú kúrò lójú. "Kò sí ìjà níbẹ̀, Bàbá. Ẹsẹ̀ tó wọlé ni Odídẹ ń kà. Òórùn tó yàtọ̀ ni Ajá ń kà. Ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹni mẹ́wàá ni lójú Odídẹ, ẹnì kan ni lójú Ajá. Àwọn méjèèjì ò parọ́."

"Èwo wá ni kí n mú?"

"Ẹ wo ara yín, Bàbá. Ẹni tó tóbi tó báyìí, ṣé ẹni mẹ́tàlá ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀?"

Erin wo ara rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó wò ó tán.

"Ọ̀ọ́dúnrún ni," ó wí. "Ti Ọ̀bọ pàápàá kò tó bẹ́ẹ̀."

Báyìí ni wọ́n lẹ ọ̀rọ̀ Erin mọ́ ògiri. Òkété kó ẹyìn wọlé títí kò fi sí àyè mọ́. Èyí tó ṣẹ́kù, ó fi dí ẹnu ihò ẹ̀yìnkùlé pa. Ó wá jókòó sáàárín wọn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́n.

Ṣùgbọ́n Odídẹ kì í mọ nǹkan kó pa á mọ́ra. Ó fò káàkiri igbó, ó ń pariwo pé ọ̀ọ́dúnrún ń wọ ilé Òkété, pé mẹ́tàlá péré ni Ajá rí kà níbẹ̀. Ẹkùn gbọ́. Orúnkún sì ti ń yọ Ẹkùn lẹ́nu.

"Ọ̀ọ́dúnrún ẹran ń wọ ojú kan ṣoṣo," ó wí, "èmi ń sáré kiri igbó bí ẹni tí kò ní ará."

Ó lọ nà gbalaja sẹ́nu ihò. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó kà á, ó di mẹ́rìnlá, ó sì sá lọ.

Òkété yọ orí.

"Ẹ kú ilé o," Ẹkùn wí.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ṣé ìwọ lo nilé?"

"Èmi ni, sà."

"Fọkàn balẹ̀. Èmi kì í jẹ onílé, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Àlejò ni mo wá jẹ."

Òkété dúpẹ́. Àwọn méjèèjì jọ ń retí àlejò. Oòrùn yí, ẹnikẹ́ni ò wá. Ẹkùn yán.

"Odídẹ, mélòó ló ti wọlé?"

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé díẹ̀."

"Eṣinṣin nìkan lèmi rí látàárọ̀. A jẹ́ pé wọ́n ti wà nínú ilé. Òkété, dákun kó wọn jáde. Àwọn tó sanra ni kó o fi ṣáájú."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Èmi ni mò ń wọlé, tí mò ń jáde. Gbogbo wọn, èmi ni."

Ẹkùn rò ó. "Ìwọ ni àlejò náà?"

Òkété pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀hún ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe.

"Lójú Odídẹ, ọ̀ọ́dúnrún ni ọ́," Ẹkùn wí. "Lójú Ajá, mẹ́tàlá ni ọ́. Ikùn lèmi fi ń kà ní tèmi. Ẹyọ kan ni ọ́, o sì kéré. Ṣùgbọ́n ibì kan náà la ṣáà ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

Òkété fò padà sínú ihò, ó doríkọ ẹ̀yìnkùlé. Ẹyìn ló dí ibẹ̀. "Èmi ni mo dí i," ó rán ara rẹ̀ létí. "Èmi ọ̀mọ̀wé." Kò sí ọgbọ́n mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹyìn tó ti ń lá láti kékeré, ó ń gbé e mì tòun tẹ̀gún, kò mọ̀ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Nígbà tó jẹ ẹ́ dé ìta, orí jáde, èjìká jáde, ikùn kọ̀. Ẹyìn tó dí ihò náà ṣì dí i. Inú Òkété nìkan ló bọ́ sí. Ẹkùn náà ti na ọwọ́ wọ inú ihò láti iwájú, ó sì di ìrù mú.

Bí Erin ṣe ń bọ̀ lẹ́yìnkùlé nìyẹn, inú ń bí i.

"Òkété, Ọ̀yà tún bú mi lọ́nà láàárọ̀ yìí. Ọ̀ọ́dúnrún ló ka ọ̀rọ̀ mi, kò wá sẹ́ni tó gbọ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ fà mí jáde, Bàbá."

"Òótọ́ ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Mélòó ló wá sílé rẹ?"

Òkété mí kanlẹ̀. "Mẹ́ta, Bàbá."

"Àwọn wo?"

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó ṣìnà ni. Ìgbín, kò tíì kà á tán."

"Ẹnì kẹta ńkọ́?"

"Òun ló di ìrù mi mú báyìí."

Erin rẹ́rìn-ín títí igi fi ń mì. Ó fi ọwọ́jà gbá Òkété lọ́rùn mú, ó fà. Ẹkùn náà ń fà níwájú. Òkété já jáde bí ìdérí ìgò, dúdú tó wà ní ìparí ìrù rẹ̀ sì kù sọ́wọ́ Ẹkùn. Ẹ wo ìrù òkété dáadáa: ó dúdú dé ibì kan, ìyókù funfun.

"O ti jẹ ẹyìn ọ̀ọ́dúnrún," Erin wí. "Ọ̀ọ́dúnrún náà ni wàá fi ẹnu ara rẹ sọ fún."

Nítorí náà, bí ẹ bá rí òkété tó ń sá kiri oko, ẹ má rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ó ń wá ẹni tí kò tíì gbọ́ pé Erin kọ́ ló jókòó lé ilé Ọ̀yà mọ́lẹ̀.

Ìṣe Odídẹ àti Ajá ò sì tíì tán láyé. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń ka àlejò lórí ìkànnì yín, tí ọ̀kan ní ọ̀ọ́dúnrún, tí èkejì ní mẹ́tàlá, ẹ má bú wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí oníkálukú ń kà. Kí ẹ sì rọra yan iye tí ẹ máa pariwo síta, torí ẹ ò mọ ẹni tí ebi ń pa tó ń gbọ́.

Àlọ́ mi ti wọ ihò lọ, ó ti dí ẹ̀yìnkùlé. Bó bá jẹ́ ẹni méjì ló gbọ́ ọ, ogún la máa sọ nílé.