Àlàárì tó Di Dúdú Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Làmídì ahunṣọ kò ní ọmọ méjì. Síkí nìkan ló bí, Amẹ́ríkà ni Síkí sì ń gbé. Nígbà tí wọ́n máa so yìgì rẹ̀ lọ́hùn-ún, tí bàbá kò lè lọ, ó jókòó sídìí òfì rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó hun àlàárì tó pọ́n bí epo tuntun, ó sì fi rán ẹnì kan tó ń lọ síbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni Làmídì ń sọ fún pé aṣọ yẹn ni yóò dúró nípò òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹni tó bá ní òwe tí mo fẹ́ sọ yìí dàgbà ju tẹlifíṣọ̀n lọ, kó sọ tirẹ̀ ká gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní agbo ilé wọn ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tó yá, Síkí fi àwo fídíò ìgbéyàwó náà ránṣẹ́ sílé. Làmídì ò tiẹ̀ jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́ tán kó tó ki àwo bọ inú ẹ̀rọ. Àwòrán dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dúró sójú kan. Ó ń yí lọ sókè, ó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ àwọn àlejò wà lókè, orí wọn wà nísàlẹ̀. Làmídì ò bìkítà, àlàárì rẹ̀ ló ń wá. Nígbà tí Síkí jáde, aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ dúdú kirikiri.

"Ìyá Síkí, ta ló hun ìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ kó parí ná, Bàbá Síkí. Ohun tó ń gbọ̀n báyìí, kí lèèyàn fẹ́ rí nínú ẹ̀?"

"Ṣé ojú èmi ni kò ní mọ àwọ̀? Ẹtù ni! Ẹtù Tìjání ni!"

Tìjání ni aládùúgbò rẹ̀. Òfì wọn kọjú síra, wọ́n sì ti ń bá ara wọn du oníbàárà láti ìgbà èwe. Ẹtù dúdú ni Tìjání fi gbayì. Làmídì ò wo ìyókù. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Ó jáde síta bí ẹni tó ń wá nǹkan, ó tún wọlé. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í. Bí fóònù ṣe dún, òun ló já a gbà.

"Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ṣé ẹ ti wò ó? Ara mi ti ń wúwo o, orúkọ ọmọ ni mo ń retí lẹ́nu yín."

"Lọ gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó hun aṣọ fún ọ. Má pè mí mọ́."

Ó pa fóònù. Ìyàwó rẹ̀ káwọ́ lérí.

"Bàbá Síkí, ọmọ kan ṣoṣo!"

Làmídì yọ àwo náà kúrò nínú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kejì, òwú ń já mọ́ ọn lọ́wọ́ nídìí òfì. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó mú àwo náà, ó di ọ̀dọ̀ Tìjání.

"O hun aṣọ fún ọmọ mi lẹ́yìn mi!"

"Èmi? Wálláhì, n kò hun nǹkan kan fún un. Gbé e wá ká jọ wò ó. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi, màá mọ̀ ọ́n."

Òkè òkun ni ọmọ Tìjání ti ra tẹlifíṣọ̀n wá fún un. Bí àwo ṣe bẹ̀rẹ̀, àwòrán dúró jẹ́ẹ́, àwọ̀ sì kún inú rẹ̀. Síkí jáde, aṣọ ọrùn rẹ̀ pọ́n yòò. Ó di etí ìró rẹ̀ mú, ó ń fi han àwọn àlejò.

"Bàbá mi ló fọwọ́ ara wọn hun ún. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ti kí wọn nìyẹn."

Tìjání bú sẹ́rìn-ín. "Làmídì, ìgbà wo ni àlàárì di ẹtù? Bí wọ́n ṣe ń gba àwòrán sínú àwo ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí tí tẹlifíṣọ̀n tìẹ mọ̀. Kò lè gbé àwọ̀ rẹ̀ ni, dúdú àti funfun nìkan ló ń fi hàn. Tèmi yìí ń gba méjèèjì."

Làmídì ò rẹ́rìn-ín. Fóònù ló ń wá nínú àpò. Ó pe Síkí, kò gbé e. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó tún pè. Nígbà tí ọmọ gbé e níkẹyìn, ńṣe ni bàbá ń rojọ́: àwo, tẹlifíṣọ̀n, àwọ̀, Tìjání. Síkí jẹ́ kó rò ó tán.

"Mo ti gbọ́, Bàbá mi," ni ó wí, ẹkún ṣì wà lóhùn rẹ̀. "Ẹ ò ṣáà bi mí."

Ibẹ̀ ni òwe náà ti ṣẹ̀, tí àwọn àgbà fi ń wí pé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.