Ìjàpá Ru Fìlà Mẹ́sàn-án Lọ sí Ìpàdé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ mi ti dé ẹnu o!

— Jẹ́ kó bọ́ síta ká gbọ́!

Orí kan ṣoṣo, fìlà mẹ́sàn-án. Nígbà tí fìlà bọ́ sílẹ̀, a wá orí náà tì. Kí ni o?

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Láníhùn, ìwọ tí o na ọwọ́ sókè yẹn, fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ débẹ̀.

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó rìn títí, ó lọ fi ìdí kalẹ̀ ní abúlé àwọn ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní Ìsàlẹ̀-Àpáta. Ilé méjìlá péré ló wà níbẹ̀, ìsun omi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì ń mu. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Òkúta ńlá kan já lulẹ̀ láti ara àpáta, ó bo ojú ìsun náà, ẹrẹ̀ sì dí i. Omi tó ti ń tú yààyà tẹ́lẹ̀ wá ń kán tó, tó, tó. Àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán lọ sí odò tó wà lẹ́yìn òkè. Ẹni tó bá pọn omi níbẹ̀, kó tó délé, á ti mu ìdajì rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára jù ni Ìyá Etu. Opó ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Kò lè kó wọn rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀. Ewé ló ń tẹ́ sábẹ́ omi tó ń kán yẹn, tí yóò jókòó tì í títí yóò fi rí ẹ̀kún ẹnu kan. Ọyàn rẹ̀ sì ti ń gbẹ.

Ẹfọ̀n ni Baálẹ̀ wọn. Ó kéde pé ní ọjọ́ kẹta, kí ìpàdé ìlú jókòó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, kí wọ́n wá pinnu ohun tí wọn yóò ṣe sí ìsun náà.

Wàyí o, ẹ gbọ́ àṣà wọn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òkúta méjìlá ló wà lábẹ́ igi náà, ilé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí baálé kan ò bá ráyè wá, yóò fi fìlà rẹ̀ rán ẹnì kan. Ẹni náà ò gbọdọ̀ ki fìlà bọ àpò o, orí ló gbọ́dọ̀ gbé e sí. Bó bá débẹ̀, yóò gbé e ka orí òkúta onífìlà, yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó bá sọ pé fìlà gbà, onífìlà ti gbà á nìyẹn.

Àṣà náà ní ìdajì kejì. Ìjàpá ọkọ Yánníbo ò mọ ìdajì kejì yẹn. Ṣé ẹ mọ ìdí? Ìparí ìpàdé ni wọ́n máa ń pín iṣẹ́ ìlú, Ìjàpá ò sì dúró de ìparí ìpàdé rí láyé rẹ̀. Bó bá ti kù díẹ̀, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Tàbí kó rántí pé òun gbé ọbẹ̀ kaná.

Ìjàpá gbọ́ ìkéde Baálẹ̀, ó jáde lọ sílé Ọ̀yà.

"Ọ̀yà, ọ̀rẹ́ mi, ṣé ò ń lọ sódò lọ́jọ́ ìpàdé?"

"Kí ni ǹ bá tún ṣe? Ìkòkò mi ti gbẹ."

"Máa lọ ní tìrẹ, jàre. Gbé fìlà rẹ fún mi. Kí lo fẹ́ kó sọ?"

"Kó sọ pé ká gbẹ́ ìsun, kí gbogbo wa jọ máa mu ún."

"Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn!"

Ó gba fìlà Ọ̀yà. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ, Ọ̀bọ ju fìlà rẹ̀ sílẹ̀ láti orí igi, kò tilẹ̀ béèrè nǹkan kan. Ó dé ọ̀dọ̀ Òkété àgbà, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Òkété, ẹsẹ̀ yín tó wú yìí, ẹ ò gbọdọ̀ dá a láàmú. Bí ẹ bá tún rìn dé odò, ìpàdé tún ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé fìlà lọ."

Òkété wò ó títí. "Ìjàpá, o ò ní fi fìlà mi sọ ìsọkúsọ?"

"Èmi kẹ̀! Ẹ wo ojú mi, Bàbá."

Òkété wo ojú rẹ̀. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀, torí Ìjàpá ti pẹ́ lẹ́nu ká máa ṣe ojú. Ó bọ́ fìlà fún un.

Báyìí ni Ìjàpá ṣe gba fìlà mẹ́sàn-án. Ó wá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Etu.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọwọ́ ọmọ. Gèlè yín dà? Ẹ jẹ́ kó ṣojú fún yín ní ìpàdé."

"Ẹ ṣé o, Bàbá Ìjàpá. Orí mi fúnra rẹ̀ ni mo máa gbé lọ."

Ọjọ́ pé. Ẹni mẹ́ta péré ló jókòó lábẹ́ igi àgbálùmọ̀: Ẹfọ̀n, Ìyá Etu tòun tàwọn ọmọ rẹ̀, àti Ìjàpá. Fìlà mẹ́sàn-án wà lórí òkúta mẹ́sàn-án. Atẹ́gùn ò fẹ́. Ìró omi tó ń kán nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Ìjàpá dìde. "Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Ohun tó ba ìsun wa jẹ́ ni pé kò ní alábòójútó. Mo ní kí a sọ ọgbà yí i ká, kí ẹnì kan máa ṣọ́ ọ. Ahá omi kan ni kí ilé kọ̀ọ̀kan máa gbà lójúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wá ro oko fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ."

"Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?" Ẹfọ̀n béèrè.

Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni ń wá ẹnì kan. "Nígbà tí kò sí ẹlòmíràn níbí, mo lè gbìyànjú."

"Ahá kan!" Ìyá Etu fò dìde. "Ọmọ méjì ló wà lẹ́sẹ̀ mi yìí. Èmi wo ni yóò lọ ro oko?"

Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti òkúta dé òkúta. "Fìlà Ọ̀yà, ṣé o gbà? Ó gbà. Fìlà Ọ̀bọ? Ó gbà. Fìlà Bàbá Òkété? Ó gbà tayọ̀tayọ̀!" Bó ṣe ka mẹ́sẹ̀ẹ̀sán nìyẹn.

Ẹfọ̀n mọ̀ pé Òkété ò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó joyè ló ti búra pé òun ò ní ta ko fìlà, kò sì sí bó ṣe lè yí i padà. Ó dorí kodò. Ẹ̀rù ba Ìyá Etu, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ń wá ọyàn, kò rí nǹkan mu níbẹ̀.

Ni Ìjàpá bá di ikùn mú. "Baálẹ̀, inú ti ń run mí o. Ẹ jẹ́ kí n máa kó àwọn fìlà lọ."

Bí Ìyá Etu ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rírun yìí, ó rántí pé Ìjàpá ò dúró de ìparí ìpàdé rí. Ó rọ ohùn sílẹ̀. "Ó kù díẹ̀, Bàbá Ìjàpá. Ìsun tí ẹ fẹ́ máa ṣọ́, omi dà nínú rẹ̀? Àbí ẹrẹ̀ lẹ fẹ́ máa ṣọ́?"

Ìjàpá dúró. Kò tíì ro ibẹ̀ yẹn.

"Baálẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ rèé," Ìyá Etu ní. "Kí ilé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ ìpín tirẹ̀ lójú ìsun kí oòrùn òní tó wọ̀."

Ìjàpá rò ó wò. Àwọn onífìlà ń bọ̀ láti odò. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, omi á tú, òun á sì gbà á ní ìdẹ̀ra. Ṣe ni inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Ọ̀rọ̀ gidi!" ló ké. "Èmi gbà. Fìlà Ọ̀yà gbà, gbogbo fìlà pátá gbà! Kódà, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ìpín kékeré!"

Ẹfọ̀n gbé orí sókè. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ó dáa. Ìjàpá, ọkọ́ rèé."

"Ọkọ́ kí ni, Baálẹ̀?"

"Ìdajì kejì àṣà wa ni. Ẹni tó gbé fìlà wá ni yóò ṣe iṣẹ́ tí fìlà bá gbà, yóò gbé fìlà padà sórí, kò sì gbọdọ̀ bọ́ ọ títí yóò fi parí. Bí kò bá parí iṣẹ́ lásìkò tí wọ́n dá, gbogbo ohun tí fìlà sọ lọ́jọ́ náà di òfo. Ìpín mẹ́sàn-án, fi tìrẹ kún un, ó di mẹ́wàá. Ó yá, oòrùn ń lọ."

Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọ. Orin tí Ìjàpá ń kọ nínú kòtò rèé:

Fìlà Ọ̀yà ń bẹ lórí mi o —
Gbẹ́lẹ̀, gbẹ́lẹ̀, oòrùn ń lọ!
Fìlà Òkété ń bẹ lórí mi o —
Gbẹ́lẹ̀, gbẹ́lẹ̀, oòrùn ń lọ!
Orí mi ọ̀kan, ọrùn mi ọ̀kan —
Gbẹ́lẹ̀, gbẹ́lẹ̀, oòrùn ń lọ!

Ẹ má rò pé Ìjàpá jókòó sunkún o. Ojúkòkòrò fún un lágbára. Ẹfọ̀n gbẹ́ ìpín tirẹ̀ tán, Ìyá Etu gbẹ́ tirẹ̀ tán, Ìjàpá sì ń gbẹ́ lọ ràì. Fìlà bò ó lójú, ó tì í sókè. Ìpín mẹ́ta. Ìpín márùn-ún. Nígbà tí oòrùn fi tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ òkè, ó ti gbẹ́ mẹ́sàn-án. Ó ku ẹyọ kan péré, omi di ti Ìjàpá.

Ni ọkọ́ bá ta gbà! Òkúta ńlá tó já lulẹ̀ nìyẹn. Ìjàpá tì í, kò mì. Ó tún tì í.

"Ìyá Ìbejì!" ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ wá bá mi ti òkúta yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré! Omi wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ yín ni yóò kọ́kọ́ mu. Ahá mẹ́ta lójúmọ́, ẹ ò ní roko!"

Ìyá Etu ń gbọ́ omi náà lóòótọ́. Ọmọ rẹ̀ kan ò sunkún mọ́, ó kàn ń la ẹnu sílẹ̀ ni. Ẹ̀yin ọmọ, kí lẹ̀ bá ṣe? Ẹ má tíì dá mi lóhùn.

Ó dìde. Ó rìn dé etí kòtò. Ó ti na ẹsẹ̀ kan sínú rẹ̀, ló bá rí fìlà Òkété lórí Ìjàpá. Fìlà yẹn ni Òkété bọ́ lórí ara rẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá Etu bímọ, tó fi ṣíji bo àwọn ọmọ náà nínú oòrùn. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Mi ò lè tì í fún yín, Bàbá Ìjàpá. Bí ẹ bá fún àwọn ọmọ mi lónìí, tí ẹ bá bínú lọ́la ńkọ́?"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àwọn onífìlà dé láti odò. Òkété ń tiro bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n rí fìlà wọn tó ń lọ sókè sódò nínú kòtò.

"Fìlà mi nìyẹn," Òkété ní. "Kí ló sọ?"

Ẹfọ̀n sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Fìlà tèmi," Òkété ní, "ló ní kí ìyá ọmọ tuntun máa gba ahá omi kan?"

"Bàbá, èmi kàn gbé e wá ni, fìlà ló—"

"Oòrùn ti wọ̀," Ẹfọ̀n ní. "Ọ̀rọ̀ fìlà di òfo."

Gbogbo wọn na ọwọ́ sí orí Ìjàpá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjàpá fa ọrùn, fìn-ín! Orí wọ inú ìkarahun lọ, fìlà mẹ́sàn-án tú dà sílẹ̀.

"Ìjàpá!"

"Kò sí nílé," Ìjàpá dáhùn nínú lọ́hùn-ún.

Wọn ò dúró bá a jà. Wọ́n bọ́ sínú kòtò, wọ́n ki èjìká bọ òkúta náà, ẹni mọ́kànlá. Ó yí. Omi bú jáde yààyà, ó gbé Ìjàpá gbirigbiri lọ sínú igbó. Àwọn ìbejì ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Wọ́n mu, wọ́n mu, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún padà. Nígbà tí ìyá wọn gbọ́ ẹkún náà, òun náà bú sẹ́kún ayọ̀.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò fi fìlà ránṣẹ́ mọ́ ní Ìsàlẹ̀-Àpáta. Òkété tiro wá sí ìpàdé títí ó fi kú. Ìdí sì nìyẹn tí Ìjàpá fi máa ń fa orí wọlé bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó rò pé wọ́n tún gbé fìlà dé ni.

Láníhùn, o ti wá mọ̀ ọ́n. Àlọ́ mi kọ́ wa pé kí á má fi ẹnu wa sí ìkáwọ́ ẹni tí kò ní bá wa dúró ṣiṣẹ́. Ibi tí mo bá a dé rèé o. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹnu mi gbẹ bí ìsun Ìsàlẹ̀-Àpáta, kí n má rí itọ́ tu. Ẹ wò ó: tú! Itọ́ rèé.