Àlejò Onírin tí Kì í Kí Baálẹ̀

— Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!
— Àlọ́ mi gun ojú irin, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Abà Ọlọ́sàn.

Ní ìgbà kan rí, wọ́n la ojú irin gba ẹ̀yìnkùlé abà náà. Èèyàn àti ẹranko ló jọ ń gbé ibẹ̀. Ewúrẹ́, opó ọlọ́mọ mẹ́fà, ló láyọ̀ jù. Ó ní ọkọ̀ yóò gbé ọsàn òun lọ sí ìlú ńlá.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ dé, gbogbo abà tò, wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀ o!” Ọkọ̀ ké “Fóòòò!” ó sì kọjá lọ.

— Kò dọ̀bálẹ̀ ni?
— Ikùn ló fi ń rìn, báwo ni yóò ṣe tún dọ̀bálẹ̀? Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ jàre!

Inú bí Baálẹ̀ Oyèdòkun. “Kò kí mi, ó tún pariwo mọ́ mi! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjú sí i mọ́!”

Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀, gbogbo abà á kẹ̀yìn sí i. Ẹlẹ́dẹ̀ tiẹ̀ máa ń gbé ìdí sókè.

Ọkọ̀ kò dúró, ọsàn ń jẹrà. Àwọn ọmọ Ewúrẹ́ jẹ ọsàn láàárọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ lálẹ́, títí eyín fi kan wọ́n. Ọkàn ìyá wọn bàjẹ́, ó lọ bá Baálẹ̀.

“Baba, ta ló fún àlejò yìí lómi?”

“Bó o bá fún un lómi, wàá kó kúrò lábà mi!”

Ṣé ewúrẹ́ ń gbọ́ “má ṣe”? Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìkòkò omi mẹ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

— Ẹ wá mumi, àlejò wa.
— Wúkúwúkú!
— Ẹ wá mumi, ẹ má kọjá.
— Wúkúwúkú!

Ọkọ̀ rọra, ó rọra, ó dúró. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀. “Ìyá, ẹ ṣeun! Omi gbígbóná ló ń mú ẹ̀rọ yìí rìn. Odò iwájú là ń sáré lọ bá kí tinú rẹ̀ tó gbẹ, la ò fi ráyè kí èèyàn.”

Ibẹ̀ ni Baálẹ̀ ti sáré dé. “Ewúrẹ́, di ẹrù rẹ!”

Àwọn èrò yọrí lójú fèrèsé, gbogbo wọn kígbe lẹ́ẹ̀kan náà: “Baálẹ̀, ẹ kú ilé o!”

Baálẹ̀ tún fìlà ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí dé eyín èrìgì. “Ẹ káàbọ̀ o! Ewúrẹ́, kí lo ń wò? Lọ pọnmi sí i!”

Èrò ra gbogbo ọsàn tó kù. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń dúró mumi níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí abà fi di tésàn.

Àlọ́ mi kọ́ wa pé ẹni tó bá jókòó ti ìkíni, ọsàn rẹ̀ á jẹrà. Ẹ fún àlejò lómi ná.

Bí mo bá purọ́, kí fèrè ọkọ̀ má dún lẹ́nu mi. Fóòòò!

— Ó dún o!