Ohun Tó Pa Ọmọ Orí Káńtà Lẹ́rìn-ín

Ẹni tó bá sọ pé ọjọ́ ogbó máa ń gba ọgbọ́n kúrò lọ́wọ́ èèyàn, kó wá gbọ́ ti Màmá Ọdẹ́yalé, opó ọdẹ. Ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò rí ìbọn ṣakabùlà ọkọ rẹ̀, tòun tìwé àṣẹ rẹ̀, nínú àpótí tó fẹ́ gbé wọ bàálù. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ jágbe: "Màmá, ẹ ò sọ fẹ́nikẹ́ni pé ìbọn wà níbẹ̀! Ẹ san ìdajì mílíọ̀nù náírà kí bàálù tó gbéra, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àtìmọ́lé!" Màmá ò jiyàn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọmọ tó gba àpótí lọ́wọ́ mi ní káńtà. Ẹ má dárúkọ ìbọn o. Ẹ kàn bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí." Ọ̀gá bi í. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, màmá kan ni o! Mo ní kí ló wà nínú àpótí wọn, wọ́n ní ìbọn ọkọ àwọn ni, pé kò sí ẹ̀tù nínú ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi!" Ọ̀gá yíjú sí màmá. Màmá ní, "Mo sọ ọ́, ẹ̀rín lẹ fi gbà á. Ta ló wá yẹ kó sanwó ìtanràn, ẹni tó sọ ni àbí ẹni tó rẹ́rìn-ín?" Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ mú fọ́ọ̀mù wá, ló kọ ìbọn sí i, ló sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ohun tó wà nínú báàgì kejì tó wà lọ́wọ́ màmá. Màmá rọra tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ mú bírò."