Ìjàpá Díyelé Katakata Àgbọ̀nrín

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rọ̀gbọ̀kú sídìí ògiri yẹn, ṣé oorun ti gbé yín lọ ni? Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹn-ẹ́n. Ìjàpá ni mo fẹ́ bá wí lálẹ́ yìí, òun àti ẹ̀rọ oko kan tó dàgbà ju gbogbo ẹ̀yin ọmọdé ibí yìí lọ.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ń gbé nínú ìlú kan. Àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Àáró ni wọ́n máa ń ṣe láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ lóko Erin lónìí, wọ́n á lọ sóko Ọ̀bọ lọ́la. Ọkọ Àgbọ̀nrín ló ní katakata, òun ló sì fi ń túlẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ìjàpá ńkọ́? Kò yọjú sí àáró rí. Bí wọ́n bá ti pè é báyìí, ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀yìn tó le bí òkúta yẹn náà ni!

Nígbà tó yá, ọkọ Àgbọ̀nrín kú. Ó fi ìyàwó sílẹ̀, ó fi ọmọ sílẹ̀, ó fi katakata sílẹ̀. Katakata ọ̀hún ti gbó. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ṣí, àga rẹ̀ ti ya, irin rẹ̀ ti dípẹtà. Òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀, Àgbọ̀nrín kò sì ní èbù iṣu kan ṣoṣo tí yóò gbìn. Bí kò bá rí nǹkan gbìn, ebi ni yóò pa àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, kí n má purọ́. Ló bá ní òun fẹ́ ta katakata náà, kí ẹni tó bá rà á fi iṣu san án.

Ìjàpá gbọ́. Inú rẹ̀ dùn dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rò ó pé bí òun bá rí i rà lọ́pọ̀, òun kò tún gbé ọkọ́ mọ́ láyé. Gbogbo ìlú ni yóò máa ru iṣu wá bá òun kí wọ́n tó rí oko wọn tú. Ó gba ilé Àgbọ̀nrín lọ.

"Ìyá Àyọ̀ká, ẹ kú ìrọ́jú o. Irin yìí mà ti di wàhálà sí yín lọ́rùn!"

"Báwo, Bàbá Ìjàpá?"

"Ẹ̀yin ò rí i ni? Adìyẹ ló kù tó ń wúlò fún. Apẹ̀rẹ̀ iṣu kan ni mo lè fún yín. Torí olóògbé ni mo ṣe fẹ́ ṣe é o. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí."

Omi lé ròrò sójú Àgbọ̀nrín. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi apẹ̀rẹ̀ kan gbìn? Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà wá díyelé e ná."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú yẹn nìyẹn. Bí èèyàn bá fẹ́ ta ohun àlòkù, àwọn àgbà á pé lé e lórí, wọ́n á mú un ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé. Bó bá ṣe ṣiṣẹ́ sí ni wọ́n ṣe máa dá iye lé e.

Nígbà tí Àgbọ̀nrín lọ sódò, Ìjàpá yọ́ wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́ katakata. Katakata ní, "Kẹ̀ẹ́." Ó dákẹ́. Ó tún yí i. "Kẹ̀ẹ́." Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òkú ni!"

Kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí katakata náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti tì í kó tó ṣiṣẹ́. Gbogbo ẹni tó ń wá sí àáró ló mọ̀. Ta ni kò mọ̀?

Ìjàpá!

Ẹ ṣeun. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bí Erin, olórí àwọn àgbà, bá lọ dá apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá lé katakata ńkọ́? Nígbà tó di ọjọ́ ìdíyelé, ó jí ní kùtùkùtù, ó ṣí ìbòrí ẹ̀rọ, ó kó sínú, ó sì pa á dé mọ́ra, kó lè ti inú ibẹ̀ ba ọjà náà jẹ́.

Ìlú pé. Erin yí kọ́kọ́rọ́. "Kẹ̀ẹ́." Ìjàpá rẹ́rìn-ín sínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí Erin ní, "Ẹ bọ́ sẹ́yìn, ká tì í."

Ìjàpá ní, tì kín ni? Kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀, ó sáré fi orin sẹ́nu, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ ki bí ẹni pé irin ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀bọ fò sókè.

"Bàbá Erin! Katakata ń kọrin!"

Erin ní, "Tó bá ń kọrin, ẹ gbè é! Ìgbà wo la tì í láìkọrin rí?"

Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi gbè é:

Irin inú mi ti jẹrà o —
*Gìrìgìrì, ẹ tì í!*
Ẹ má fiṣu yín ṣòfò —
*Gìrìgìrì, ẹ tì í!*
Ẹ kúkú fi mí f'Ìjàpá —
*Gìrìgìrì, ẹ tì í!*

 Ìjàpá gbé ohùn sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orin náà. Bó ṣe ń gbé ohùn sókè ni orin ń dùn sí i. Bí orin ṣe ń dùn sí i ni wọ́n ń tì í kíkankíkan. Katakata yí gbirigbiri dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gbòó! Tù-tù-tù-tù-tù!

Bẹ́líìtì tó ń yí inú ẹ̀rọ gbá Ìjàpá mú. Ó fi í yípo, ó fi òróró gbóná wẹ̀ ẹ́, èéfín kún un nímú. Orin pa rẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Yéè! Ẹ gbà mí! Àáró ò, mo máa wá sí àáró!"

Ọ̀bọ ṣí ìbòrí. Ìjàpá fò jáde, ó ṣubú lulẹ̀ pàì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Àgbọ̀nrín wò ó títí. "Bàbá Ìjàpá, kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀?"

"Mo... mo ń bá yín nu inú ẹ̀ ni."

Ìlú rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà mú. Katakata túlẹ̀ láti etí oko dé etí odò, kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Erin wá ní kí wọ́n fetí sílẹ̀.

"Àbọ̀ àká iṣu ni mo fẹ́ dá lé e tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ohun tí ọ̀lẹ yìí lè tìtorí ẹ̀ jí ní kùtù, kó tún lọ forí ara rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ, kì í ṣe àbọ̀ àká. Odidi àká ni."

Gbogbo ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Wọ́n pawọ́ pọ̀ rà á, kálukú ru iṣu tirẹ̀ wá. Àká Àgbọ̀nrín kún. Ó gbin iṣu, àwọn ọmọ rẹ̀ sì jẹun yó lọ́dún yẹn. Wọ́n gba iṣu lọ́wọ́ Ìjàpá náà, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹni tí yóò máa lé orin nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti katakata. Ẹ̀yìn ni yóò dúró o, kì í ṣe inú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: kò yẹ ká máa bu ohun olóhun kù torí pé ó wù wá. Bó bá wù ẹ́, sọ pé ó wù ẹ́, kó o san ohun tó tó. Pàápàá jù lọ, bó bá jẹ́ ti opó.