Máàkì Ẹni Méjì

Ọkùnrin kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àmọ́ iṣẹ́ tíṣà kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Fadérera lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sì ni ọmọ náà fẹ́ kọ́. Ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ń bọ̀. Bí ó bá fìdí rẹmi, ọdún kan gbáko ni yóò fi jókòó sílé, tí yóò máa wo ẹ̀yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá á gbé ìbéèrè fún un láti fi dánra wò, á sì fa àga jókòó tì í. Kò ní sọ̀rọ̀ o. Ṣùgbọ́n bí bírò ọmọ bá ti fẹ́ kan ìdáhùn tí kò tọ̀nà, bàbá á wúkọ́. Ọmọ á sún bírò síwájú. Bí ó bá tún ṣì í, ikọ́ á tún dé. Tí bàbá bá yẹ iṣẹ́ náà wò tán, máàkì á pọ̀ rẹpẹtẹ, á fò sókè, á ní, "Ọmọ mi ti wọlé ná!" Gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni? Rárá o. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń wúkọ́. Ìfẹ́ ọmọ ló ń yún un lọ́fun.

Ìyàwó rẹ̀ ló kíyè sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pè é sí ẹ̀yìnkùlé. "Bàbá Fadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bó ẹ̀gúsí." Ọkùnrin náà lọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá a lọ. Níbi ẹ̀gúsí náà ló ti ń wúkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìbéèrè tí ọmọ dé.

Máàkì ọjọ́ náà já wálẹ̀ pátápátá. Bàbá tún ìwé náà yẹ̀ wò. "Kí ló ṣe ọmọ mi? Ta ló dà á lọ́kàn rú?"

"Kò sẹ́ni tó dà á lọ́kàn rú," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Máàkì àtẹ̀yìnwá, ti ẹ̀yin méjèèjì ni. Ti òní, tirẹ̀ nìkan ni. Ẹ̀yin lẹ ń wúkọ́ fún un."

Bàbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní òótọ́ ni, àmọ́ àwọn tó ń ṣe ìdánwò kò ní jẹ́ kí àgbà wọ ọjà tí ọmọ yìí ń lọ. Fadérera bú sẹ́rìn-ín. "Bàámi, ẹ má bínú. Mo ti gbọ́kàn lé ikọ́ yín débi pé n kì í ka kẹ́mísìrì mọ́."

Bàbá kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó yá, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Láti ọjọ́ náà, wọn á ti ilẹ̀kùn, aago á máa lọ, ọmọ á sì dá kojú ìbéèrè tí kò rí rí. Máàkì kéré níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi ibi tó kù díẹ̀ káàtó hàn án, ibẹ̀ ló sì ń kà. Díẹ̀díẹ̀ ni máàkì ń gòkè.

Èsì ìdánwò jáde. Kò tó èyí tí bàbá ti ròyìn fún àdúgbò, àmọ́ díẹ̀ ló fi ju èyí tí ọmọ gbà gbẹ̀yìn nílé lọ, ó sì tó fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Áà, ayọ̀ dé! Bàbá jó dé títì láìwọ bàtà.

Ọ̀rẹ́ mi, o bi mí bóyá máàkì tí ọmọ rẹ ń gbà nílé lè sọ èyí tí yóò gbà nínú ìdánwò lọ́hùn-ún. Ó lè sọ ọ́ dáadáa, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ nìkan ló gbà á. Nítorí náà, bí o bá délé lónìí, fún un ní ìbéèrè tí kò rí rí, kí o sì jáde lọ kí àwọn ará ilé kejì. Máàkì tó bá mú wá bá ọ, kéré ni o, pọ̀ ni o, fi ẹ̀rín gbà á. Ọmọ rẹ gan-an lo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé yẹn.