Ọmọ Ta Ló Kọ́kọ́ Wọ Ọkọ̀?
Ẹni tó bá dí ọ̀nà omi, ìlú ló fẹ́ pa. Olóyè Gbádégẹṣin da yanrìn dí ẹnu ọ̀sà tí omi ìlú èbúté ń gbà jáde, ó kọ́ ilé ńláńlá sórí rẹ̀, kò tijú. Ó wá ní kí Dúrósinmi agbẹ́kọ̀, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí olóòótọ́, jẹ́rìí fáwọn oníbàárà tó fẹ́ ra ilé náà pé omi kì í wọ ibẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ katakata yóò wó abúlé rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníbàárà pé, Dúrósinmi dọ̀bálẹ̀ fún olóyè, ó ní: "Olóyè ní kí n sọ fún yín pé omi kì í wọ ibí. Mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, bí mo bá gbẹ́ ọkọ̀ tuntun, ọmọ tèmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sínú rẹ̀ wà dé àárín ọ̀sà kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Olóyè, èwo nínú ilé wọ̀nyí ni ọmọ yín ń gbé?" Olóyè wúkọ́, ó ní orí òkè làwọn ọmọ òun ń gbé, torí afẹ́fẹ́. "Àwa náà fẹ́ afẹ́fẹ́," ni ìyá kan wí láàárín àwọn oníbàárà, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Kò sówó tí olóyè fẹ́ fi gbé katakata wá mọ́. Abúlé Dúrósinmi ṣì wà níbẹ̀. Akàn ló ń gbé ilé tí olóyè kọ́ sẹ́nu ọ̀sà.